Owó ni Kẹ̀kẹ́ Ìhìnrere: Ohun tí Ọrẹ ń Sọ nípa Ìgbàgbọ́ nínú Ìjọ Yorùbá

Ìfáàrà

Bóyá ni a fi lè rí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà sínú ìjọ Kìrìsìtẹ́nì tí kò tíì gbọ́ ọ yìí rí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Oníwàásù a máa sọ ọ́ kí apò ọrẹ tó jáde, alága ọjọ́ ìkórè a máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìjọ a sì fi ẹ̀rín gbà á. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú Bíbélì. Àwọn onígbàgbọ́ Yorùbá fúnra wọn ni wọ́n pa á lówe, kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ sì ń rán wa létí ìgbà tí olùkọ́ ìjọ ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé kan dé èkejì. Òtítọ́ ni ó sọ. Bí kò bá sí owó, ebi yóò pa pásítọ̀, òrùlé ilé ìsìn yóò sì máa jò. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í dá rìn. Ẹnì kan ni ó gbọ́dọ̀ gùn ún, ẹni tí ó gùn ún ni ó sì mọ ibi tí ó ń darí rẹ̀ sí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni pé bí ìjọ ṣe ń béèrè owó, bí ó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó mú un wá ń retí, ni ó ń fi irú Ọlọ́run tí àwọn ènìyàn náà gbà gbọ́ hàn. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí a ń kà sórí ní ọjọ́ Ìsinmi jọ ara wọn láti ìjọ dé ìjọ. Ìwé owó kò jọra. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Baba ni ìjọ kan ń sìn, tàbí olówó èlé, tàbí oníṣòwò, kí ó lọ wo ìwé owó wọn.

Ọrẹ, ẹbọ àti ẹ̀jẹ́

Kí a tó dé ibi ìwé owó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wò. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí a parí ní 1884, wọn kò dá èdè tuntun sílẹ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò. Àlùfáà, wàásù àti àdúrà ti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wá. Ẹbọ ti ọ̀dọ̀ àwọn olórìṣà wá, wọ́n sì fi í pe ohun tí Árónì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń rú lórí pẹpẹ. Ẹ̀jẹ́ àti ọrẹ náà wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn tipẹ́tipẹ́.

Ẹbọ ní ètò tirẹ̀. Ẹni tí ó lọ dá Ifá yóò gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ó rú, yóò gbọ́ ìdí tí ó fi yẹ kí ó rú u, yóò sì mọ ohun tí yóò máa retí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ó mọ ìdí ẹyẹlé àti ìdí owó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Obìnrin tí ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun tí ó sì ṣèlérí ohun kan ti di onígbèsè ní ọjọ́ tí ó bí ọmọ náà, a kò sì ní láti rán an létí. Ọrẹ ni tí a bá ta ènìyàn ní nǹkan láì dá iye lé e. Síbẹ̀ ọrẹ pàápàá kì í ṣe ohun tí a sọ sínú òfìfo láàrin Yorùbá. Ẹni tí ó gbà á mọ ẹni tí ó fún òun, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ ìnáwó ẹni náà ń bọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ tí ó ń fúnni ni ó máa ń wà lókè.

Òwe yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ ọrẹ ṣòro nínú ìjọ. Bí ènìyàn bá ń fún Ọlọ́run ní nǹkan, ọwọ́ ta ni ó wà lókè? Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kò ṣiyèméjì lórí èyí: ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ti gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ìjọ pé kí wọ́n mú ọrẹ wá, ẹni kan lè gbọ́ ọrẹ, kí ẹni tí ó jókòó tì í gbọ́ ẹbọ, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn wọn sì gbọ́ gbèsè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dìde, wọn yóò jó dé iwájú pẹpẹ, owó wọn yóò sì dàpọ̀ nínú agbọ̀n kan náà.

Owó kíláàsì

Àwọn ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Yorùbá mọ owó kíláàsì dáadáa, ṣùgbọ́n ó jọ pé díẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejì ọdún 1742, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley jẹ gbèsè lórí ilé ìsìn wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Foy dá a lábàá pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí a pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì máa lọ gbà á nílé wọn. Ó ní ẹni tí kò bá lè san, òun yóò fi tirẹ̀ dí i. Nígbà tí àwọn olórí yìí ń wọ ilé àwọn ènìyàn, wọ́n rí ohun tí wọn kò wá: ẹni tí ó ń ṣàìsàn, ẹni tí ọtí ti mú, ẹni tí ó ń bá aya rẹ̀ jà. Wesley rí i kíákíá pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí. Bí àbójútó owó ṣe di àbójútó ọkàn nìyẹn. Kí òǹkàwé má gbàgbé ìlérí ọ̀gágun ọkọ̀ náà pé òun yóò san fún ẹni tí kò ní.

Ètò náà dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹ́ CMS pẹ̀lú sì lò ó. Ìdí wọn kì í ṣe ìwọra. Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé CMS láti 1841 títí dé 1872, gbà pé ìjọ tí ó bá ń fi owó òkèèrè bọ́ pásítọ̀ rẹ̀ kò ní dàgbà láéláé. Ó fẹ́ ìjọ tí yóò máa bọ́ ara rẹ̀, tí yóò máa ṣàkóso ara rẹ̀, tí yóò sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Sàró ní 1861, ó sì dé Èkó lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ń san owó kíláàsì ní àkókò yẹn ń sọ nǹkan kan pẹ̀lú owó rẹ̀. Ó ń sọ pé ìjọ yìí kì í ṣe ti òyìnbó.

A rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó nígbà tí ìjà dé. Ní 1888 àwọn Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó ya kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ìjọ UNA tẹ̀ lé e ní 1891. Ní 1901, lẹ́yìn aáwọ̀ láàrin Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti àwọn ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, lórí ọ̀rọ̀ James Johnson, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìjọ náà jáde. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni a wá mọ̀ sí African Church. Kò sí ẹgbẹ́ òkèèrè kankan tí yóò rán owó sí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Jacob Kehinde Coker, àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìfàkọ̀ lẹ́bàá Agége. Owó kòkó rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ìjọ náà, àwọn lébìrà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ sì gbé kòkó àti ìsìn padà lọ sí ìlú wọn. Bí a bá ń wá ibi tí òwe kẹ̀kẹ́ yẹn ti ṣẹ láì ní àbùkù, mo rò pé Agége ni a ó lọ. Àwọn ènìyàn náà mọ ohun tí wọ́n ń fi owó wọn rà: òmìnira láti sin Ọlọ́run láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ohun tí a fi gba òmìnira lè di ìdè bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́. Káàdì kíláàsì ni ó sọ èyí fún mi. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, mo ti tó ọmọ tí a lè rán níṣẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n lọ bá olórí kíláàsì rẹ̀. Bàbá náà wo ìwé rẹ̀ pẹ́. Ó ní màmá kò san fún ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà yẹn ni ojú rẹ̀ fi ṣú, tí kò lè jáde nílé mọ́. Kò sí ẹni tí ó bínú, kò sí ẹni tí ó pariwo. Wọ́n kàn jẹ́ kí ó yé wa pé a kò ní dá ọjọ́ ìsìnkú títí gbèsè náà yóò fi tán. Àbúrò bàbá mi yá owó lóru ọjọ́ yẹn, ìsìnkú náà sì dára gan-an.

Mi ò dárúkọ ìjọ náà, nítorí pé ìtàn yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìdílé Kìrìsìtẹ́nì ni ó ti jókòó ka owó ẹ̀yìn ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Àwọn tí wọ́n ń gbèjà àṣà náà ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí a bá jẹ́ kí ẹni tí kò san gba ohun gbogbo tí ẹni tí ó san gbà, kò sí ẹni tí yóò san mọ́. Wọ́n ní Yorùbá kì í fojú kéré ìsìnkú, ibẹ̀ sì ni a ti lè mú ọlọ́rọ̀ tí ó ń sá fún ojúṣe rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí, ti ẹgbẹ́ àti èésú ni. Èésú kò lè dúró bí ẹnì kan bá ń gbà láì dá. Ìbéèrè ni bóyá èésú ni ìjọ. Ètò Bristol ti dáhùn ìbéèrè náà kí ó tó di pé a bí ẹnikẹ́ni nínú wa: olórí kíláàsì tí ó bá rí ẹni tí kò lè san, òun ni yóò san. Ohun tí a mú nínú ètò náà ni ìwé àti káàdì. Ìlérí Foy ni a fi sílẹ̀.

Opó àti àpótí ìṣúra

Ìtàn opó tí ó ju owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ìṣúra, ní Máàkù orí kejìlá, wà lára ohun tí a máa ń fi wàásù jù lọ ní ọjọ́ ọrẹ. A máa ń ní: ẹ wo obìnrin yìí, kò ní nǹkan, síbẹ̀ ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mélòó mélòó ni ìwọ tí o ní. Ẹni tí ó bá ka orí náà láti òkè yóò rí ohun mìíràn. Kí opó náà tó wọlé rárá, Jésù ti ń kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé òfin tí wọ́n ń gbàdúrà gígùn tí wọ́n sì ń jẹ ilé àwọn opó run. Bí opó náà sì ti lọ tán, tí a bẹ̀rẹ̀ orí kẹtàlá, Jésù sọ pé tẹ́ḿpìlì tí obìnrin náà fi oúnjẹ rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀ yìí ni a óò wó palẹ̀. Kò sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé kí wọ́n lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ó pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó ni.

Àwọn onímọ̀ Bíbélì ń jiyàn bóyá ìyìn ni Jésù ń yìn ín tàbí ó ń kẹ́dùn fún un. Lójú tèmi, méjèèjì lè wà papọ̀. Ìgbàgbọ́ obìnrin náà pé, ètò tí ó gba owó rẹ̀ ni kò pé. Ohun kan náà ni mo rò nípa ìyá bàbá mi.

Ìkórè àti gbàǹjo

Ìkórè ti wọ Yorùbá lára débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àtayébáyé ni. Irú rẹ̀ tí a ń ṣe nínú ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní 1843, nígbà tí àlùfáà Robert Hawker ní Morwenstow ní Cornwall, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ìjọ rẹ̀ láti wá dúpẹ́ fún èso oko. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá àwọn tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń dúpẹ́ iṣu tuntun. Ó rí ilẹ̀ tí ó dára hù sí. Iṣu, ewúrẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyẹlé ni a ń kó wá, a ó sì lù wọ́n ní gbàǹjo. Ayọ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Iṣu kan ṣoṣo lè lọ sókè títí iye rẹ̀ yóò fi ju ti odidi ẹrù iṣu lọ, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ méjì ń bá ara wọn ṣeré.

Ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Mátíù orí kẹfà kìlọ̀ pé kí olùtọrẹ àánú má ṣe fun fèrè níwájú ara rẹ̀. Àwọn oníwàásù kan gbà pé èyí ti dá gbogbo ìkéde lẹ́bi. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé nínú àṣà Yorùbá, ẹ̀bùn tí a kò dárúkọ dà bí oore tí a gbàgbé. Onílù tí a fún lówó tí kò ki ẹni tí ó fún un kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìkéde lè jẹ́ ọpẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rí pé akápò kò fi owó pamọ́. Ohun tí ó yẹ kí a fetí sí ni ibi tí ìkéde ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ti dúró. A ó pe àwọn tí wọ́n ní mílíọ̀nù kan, a ó pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, a ó pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà a ó ní kí àwọn yòókù jáde papọ̀ pẹ̀lú orin. Àwọn yòókù kò ní orúkọ. Nínú wọn ni opó Máàkù wà, Jésù nìkan sì ni ó kéde rẹ̀. Oyè Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ máa ń tọ orúkọ tí a pè lẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn sì tó bẹ́ẹ̀.

Ìdámẹ́wàá àti irúgbìn

Àríyànjiyàn lórí ìdámẹ́wàá gba rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Nàìjíríà láti 2017, ariwo rẹ̀ kò sì tíì lọ sílẹ̀ tán. Málákì orí kẹta ni àwọn tí wọ́n fara mọ́ ọn máa ń kà. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń ka Diutarónómì orí kẹrìnlá, níbi tí ẹni tí ó mú ìdámẹ́wàá wá ti ń jókòó jẹ nínú rẹ̀ níwájú Olúwa pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ní òpin ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ń kó o jọ sínú ìlú fún ọmọ Léfì, àlejò, aláìní baba àti opó. Irè oko àti ẹran ọ̀sìn ni, kì í ṣe owó oṣù. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san ìdámẹ́wàá. Ohun tí mo ń sọ ni pé orí kẹrìnlá yẹn fi opó sí apá ibi tí a ti ń gbà.

Irúgbìn ni ó tuntun jù. Oníwàásù Amẹ́ríkà Oral Roberts tẹ ìwé rẹ̀ lórí irúgbìn ìgbàgbọ́ jáde ní 1970, ẹ̀kọ́ náà sì wọlé sọ́dọ̀ wa dáadáa ní àkókò tí ètò SAP ti 1986 ti sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, tí owó oṣù kò tó oúnjẹ. Kò yẹ kí a fi àwọn tí wọ́n gbà á ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sọ fún pé ohun kan ṣì wà tí òun lè ṣe, kò ní ṣàìdìde.

A máa ń gbọ́ pé irúgbìn kò yàtọ̀ sí ẹbọ. Ó yàtọ̀. Ẹbọ ní ìwọ̀n, Ifá ni ó ń dá a. Ẹni tí ó bá rú ohun tí a ní kí ó rú ti ṣe tirẹ̀. Irúgbìn kò ní òpin lókè: bí èsì kò bá dé, a ó ní kò tóbi tó, tàbí pé ìgbàgbọ́ olùfúnni ni kò tó. Bí owó kò bá bí owó, ẹ̀bi á padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ti ṣófo lápò. Níhìn-ín, Ọlọ́run ti di oníṣòwò tí kì í kọ ìwé ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò

Pọ́ọ̀lù náà gba owó. Ó kó o jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ Gíríìkì fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, ó sì kọ orí méjì odindi nípa rẹ̀ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú lẹ́tà kejì. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn orí kẹsàn-án nítorí ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ń fi ìdùnnú fúnni. Orí kẹjọ ni kì í dé orí pẹpẹ tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti sọ pé òun kò ní dá gbé owó náà lọ, pé àwọn ìjọ ti yan ẹni tí yóò bá òun lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí òun lẹ́sẹ̀. Àpọ́sítélì ni, síbẹ̀ ó fẹ́ ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin CAMA ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, tí ó fún ìjọba ní agbára láti dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ àti ìjọ dúró bí ìwà ìbàjẹ́ bá wà, ọ̀pọ̀ olórí ìjọ fi ohùn líle kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù tí wọ́n sọ jáde, pé ìjọba lè lo irú agbára bẹ́ẹ̀ láti fi ni ìjọ lára, kì í ṣe ẹ̀rù asán ní orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀ àwọn ìjọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń fi ìṣirò wọn ránṣẹ́ sí àjọ tí ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ àánú ní gbogbo ọdún, ẹnikẹ́ni sì lè kà á, ọrun kò tíì ya.

Ìjọ tí ó sin ìyá bàbá mi máa ń ka ìṣirò tirẹ̀ náà ní ìpàdé ọdọọdún, mo gbà pé ìyẹn dára. Mo ti dàgbà nígbà tí mo rí ẹ̀dà ti ọdún ìsìnkú náà nínú àpótí àbúrò bàbá mi, ó ká a mọ́ ìwé ẹ̀rí owó tí ó san. Jẹnẹrétọ̀ ní ìlà tirẹ̀. Àtúnṣe ọkọ̀ ní ìlà tirẹ̀. Àlejò àti oúnjẹ ọjọ́ ìkórè ní ìlà tirẹ̀. Mo wá ìlà àwọn opó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wà nínú ìnáwó mìíràn.